Ta ni dírẹ́bà ti so yín pọ̀ mọ́ rí nítorí ṣénjì ní Dùgbẹ̀?

Ọmọ Ìsẹ́yìn n'Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ Micra, takisí kékeré ìlú Ìbàdàn, lọ sí Dùgbẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ó sọ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Sángo ni mo ti wọkọ̀. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́yìn, màmá àgbà kan wà láàárín, wọ́n gbé agbọ̀n lé itan. Náírà 250 lowó ọkọ̀. Mo na 500 sí dírẹ́bà, màmá náà na 500 tiwọn. Ọkùnrin yìí ò sọ nǹkan kan títí a fi dé Dùgbẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ ló fi 500 kan lé mi lọ́wọ́: "Ìwọ àti màmá yẹn nìyẹn. Ẹ lọ pín in." Kí n tó la ẹnu, ó ti ń pe "Sángo, Òjòó! Sángo, Òjòó!"

Nígbà tí mo wá wo owó náà dáadáa, owó mi ni! Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi fúnra mi ni mo fi sẹlotéèpù lẹ etí rẹ̀. Owó tí mo fún un náà ló dá padà fún mi, mo sì wá di onígbèsè màmá tí n ò mọ̀ rí.

Ẹ kúkú mọ Dùgbẹ̀: ẹni tí o ò bá rajà lọ́wọ́ ẹ̀, kò ní bá ọ ṣẹ́ owó. Mo bi ẹni tó ń ta káàdì, ó ní òun ò tíì tàjà láàárọ̀ yìí. Mo bi ẹlẹ́wù òkìrìkà, kò tilẹ̀ wojú mi. Ọlọ́sàn-án ní òun ní ṣénjì, ṣùgbọ́n ọsàn 300 ni ká rà. Màmá sì ń tẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ọwọ́ mi lowó wọn wà.

Ẹ̀gbẹ́ Cocoa House la ti rí ẹlẹ́pà kan. Màmá ní, "Ẹ̀pà ọgọ́rùn-ún ni ká rà, ká jọ jẹ ẹ́. Á ku irinwó, igba ni tìrẹ, igba ni tèmi." Ìṣirò tí dírẹ́bà ò lè ṣe láti Sángo, màmá ṣe é lórí ìdúró.

A dúró síbẹ̀, wọ́n ń da ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra tiwọn, wọ́n á fẹ́ èèpo rẹ̀ dà nù, wọ́n á tún yẹ ọ̀rá wò kí n má baà jẹ ju tiwọn lọ. Ibi ẹ̀pà yìí ni wọ́n ti bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Ìsẹ́yìn. "Hẹn-ẹn, ẹ̀yin aláṣọ òfì." Àṣé aláṣọ làwọn náà. Gbági àtijọ́ ni wọ́n ti tàjà kí wọ́n tó kó lọ sí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀.

Wọ́n wá fi àgbọ̀n júwe òkè: "Ọ̀sẹ̀ tí ilé yìí jóná, ọjà ò tà." Oṣù kìíní ọdún 1985 nìyẹn. Cocoa House ni wọ́n ń wí, ilé alájà 26 tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n parí ní 1965. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tó ṣe é lò padà. Màmá ò bá mi sọ gbogbo ìyẹn o. Ohun tí wọ́n rántí ni pé oníbàárà kan ní kí wọ́n gé ọ̀pá mẹ́fà fún òun, ó ní òun ń lọ wo ilé tó jóná, òun ń bọ̀. "Mo ti gé e! Ó di bí mo ṣe rí ẹ yìí, kò tíì padà wá." Inú ṣì ń bí wọn.

Wọ́n gba igba náírà wọn, wọ́n gbé agbọ̀n wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyá mi. Mi ò tilẹ̀ bèèrè orúkọ wọn. Tiyín dà?

Onímicra:

Ẹ máa bú wa lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń na Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀. Àárọ̀ kùtù, gbogbo ẹni tó bá wọlé, 1000 ni. Ibo lẹ fẹ́ kí n ti rí i? Ṣénjì gan-an, rírà là ń rà á ní gáréèjì. Wàá fún wọn ní 1000, wọ́n á ka 900 fún ọ. Mi ò tíì gbé ẹnì kan, mo ti pàdánù. Tá a bá ní "ẹ mú ṣénjì dání o", ẹ ò ní dá wa lóhùn, àfi tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Àmọ́ mo ti so àwọn kan pọ̀ rí tí n kò lè gbàgbé. Ọkùnrin kan jókòó níwájú, obìnrin kan wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ṣénjì àwọn méjèèjì jẹ́ 1600. Mo ní 600 ní wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n 1000 ò ṣe é gé. Mo na gbogbo ẹ̀ sí ọkùnrin náà. Ni obìnrin bá figbe ta pé kí n má fún un. Mo ní, ẹ mọ ara yín ni? "Ọkọ mi ni!" Ilé ni wọ́n ti ń jà bọ̀, kálukú wá ń sanwó ọkọ̀ ara ẹ̀. Àgbà kan tó wà lẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í parí ìjà, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè, mi ò sì lè lé wọn sọ̀.

Àdùkẹ́ Èkótẹ̀dó:

Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣénjì. Oṣù kejì ọdún 2023 ni, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ 200, 500 àti 1000, tí owó ò sí lóde. Èèyàn ní owó ní báńkì, kò rí èyí tó máa fi ra búrẹ́dì. Dírẹ́bà ní kí á fi fóònù sanwó, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni kó san án, ó ti rẹ òun láti máa retí alẹ́ẹ̀tì mẹ́rin-mẹ́rin. Mo san ti gbogbo wa, kí àwọn mẹ́ta yòókù san án fún mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ! Ìdajì wákàtí la fi jókòó sínú ọkọ̀ ní títì Lẹ́bánónì, tí gbogbo wa tẹjú mọ́ fóònù dírẹ́bà.

Ẹni méjì san tiwọn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní fóònù òun ti kú, ó kọ nọ́ńbà mi sí ẹ̀yìn ọwọ́. Nọ́ńbà fóònù mi náà ni nọ́ńbà àkáǹtì. Mo ti gbàgbé ẹ̀. Oṣù kọkànlá, 200 kan ṣàdédé wọlé, wọ́n kọ ọ́ sí i pé "Micra Dùgbẹ̀, ẹ má bínú". Orúkọ tí mo fi pamọ́ sórí fóònù náà nìyẹn, Micra Dùgbẹ̀. Tí Iléyá bá dé, ó máa ń pè mí.

Ọmọ Agbeni:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàdé èèyàn gidi, ẹ kú oríire. Ẹni tí wọ́n so èmi mọ́ ní kí n dúró, òun fẹ́ ṣẹ́ owó wá nínú ọjà Ògùnpa. Mo ṣì ń dúró.

Ìyá Olómi Tútù:

Àwa tá à ń tajà náà rí i o. Tí mo bá bá èèyàn mẹ́wàá ṣẹ́ owó láàárọ̀, ẹni tó fẹ́ ra omi lọ́wọ́ mi gan-an kò ní rí ṣénjì gbà. Á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ayédèrú owó sì wà níbẹ̀. Ẹ ra omi kan, ẹ ó rí bí ojú mi ṣe máa tú ká.

Ọmọ Ìsẹ́yìn n'Ìbàdàn:

Bọ̀dá onímicra, ẹ ò parí ọ̀rọ̀ yín. Ta ló wá gba owó ọ̀hún?

Onímicra:

Àgbà tó ń parí ìjà ló gbà á, ó ní òun á bá wọn ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí mo fi máa tún já èrò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo rí nídìí àmàlà.