Ajá mi tó ṣe iṣẹ́ abẹ kò fẹ́ sinmi
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo wà, ní Lágéré. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ilé ọmọ ajá mi kékeré ni, kó má baà máa bímọ. Dókítà ẹran ní kó sinmi fún ọjọ́ 10 sí 14: kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ lá ojú ọgbẹ́. Àmọ́ bí ọ̀kadà bá ti kọjá báyìí, ó ti bẹ́ sórí àga nìyẹn! Ẹ̀rù ń bà mí kí ojú rírán náà má lọ tú. Mo dè é mọ́lẹ̀, ó ń ké. Mo tì í mọ́ yàrá, ó ń ha ilẹ̀kùn. Mi ò sì ní fún un lóògùn oorun tí dókítà ò kọ. Kí ni mo lè máa fún un ṣe tí á fi jókòó jẹ́ẹ́? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ẹ ṣeun púpọ̀, mò ń retí yín.