Ilé ogún tá a fẹ́ tètè tà ní káṣì: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àkọ́bí Obìnrin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ilé tí màmá wa fi sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló wà nínú ẹ̀ tí kò kàn sọ̀rọ̀ ni. Àwa mẹ́ta la jogún ilé náà. Ó ti gbó, òrùlé ń jò lápá kan, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ń gbé nítòsí, gbèsè sì ń lé bùrọ̀dá wa kiri. A ò tíì sin màmá pẹ́ rárá tí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, a máa ra ilé yín bó ṣe wà, káṣì ni, ẹ ò ní tún nǹkan kan ṣe, ẹ ò ní sanwó ejẹ́ǹtì. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n mọ̀ pé màmá ti kú, wọ́n sì mọ orúkọ àwa ọmọ. Àṣé kò sí awo kankan níbẹ̀. Níbi bíi Amẹ́ríkà, ìwé tí ẹbí bá gbé lọ sí kóòtù lórí ẹrù òkú, ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣa orúkọ jọ níbẹ̀, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra ilé káṣì.

Ọkùnrin kan wá wo ilé. Ó múra dáadáa, "ma" ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó tẹ ògiri bàlùwẹ̀ wò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ síǹkì, ó gbójú sókè, ó ń tẹ nǹkan sínú fóònù ẹ̀, ká tó mọ̀ ó ti dá owó lé e. Bùrọ̀dá mi ti ń mi orí pé ó dáa. Èmi ní ẹ má bínú sà, ẹ ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe dé orí iye yìí fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣàlàyé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní iye tí ilé máa tà tí wọ́n bá tún un ṣe tán ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á mú 70% nínú ẹ̀, wọ́n á wá yọ owó àtúnṣe kúrò lára 70 yẹn. Ìyẹn ni pé tí ilé bá máa jẹ́ 100 lẹ́yìn àtúnṣe, tí àtúnṣe sì jẹ́ 20, 50 péré ló kan ẹ̀yin. Nínú 30 tó kù ni wọ́n ti máa san èlé owó tí wọ́n yá, owó lọ́yà, owó ejẹ́ǹtì tó máa bá wọn tún un tà, èyí tó bá ṣẹ́kù ni èrè. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn pé àwọn tó ń ra ilé tún tà ní Amẹ́ríkà mọ ìṣirò yìí lórí bí orúkọ ara wọn, àwa tá à ń ta ilé nìkan la ò mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe ṣàlàyé tán báyìí mo ti rí ibi tí mo máa dì mú. Mi ò lè bá a jà lórí 70, òwò tiẹ̀ nìyẹn. 20 yẹn ni mo gbá mú. Gbogbo òrùlé ló kà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń jò. A mú kápẹ́ńtà lọ, ó gòkè, ó kọ ohun tó rí àti iye tó máa gbà sínú ìwé, a gbé ìwé náà síwájú ọkùnrin yẹn. Ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó fowó kún un. Kò tó bí mo ṣe fẹ́ o, ṣùgbọ́n ó fi ìlọ́po ìlọ́po ju owó tá a san fún kápẹ́ńtà lọ. (Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ dẹ́rù bà yín pé kọ̀ǹpútà àwọn mọ iye ilé yín. Zillow, iléeṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń díye lé ilé ní Amẹ́ríkà, tó tóbi tó yẹn, pa òwò ríra ilé tì ní 2021, wọ́n láwọn ò lè sọ ibi tí iye ilé máa já sí.)

Apá tó ń pa mí lẹ́rìn-ín wá ni pé lẹ́tà wọn ní láàárín ọjọ́ 7 gbogbo ẹ̀ á ti parí. Káṣì tiẹ̀ wà nílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fi ìwé báǹkì hàn wá, àwa la ò lè tà! Màmá ò ṣe wíìlì, orúkọ màmá ló ṣì wà lórí ìwé ilé, òkú ò sì lè fọwọ́ síwèé. Tí wíìlì bá wà, ẹni tí wíìlì yàn ló máa lọ gba probate, ìyẹn ìwé àṣẹ kóòtù lórí wíìlì, tí kò bá sí, ẹbí á lọ gba letter of administration, ìwé àṣẹ kóòtù náà nìyẹn, ìgbà tíyẹn bá jáde lẹnì kan tó láṣẹ láti tà. Oṣù gorí oṣù. Lọ́yà wa ní ká ní ọ̀sẹ̀ tá a sin màmá la ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn ni, ọwọ́ wa ì bá ti le nígbà tí olówó dé, torí ẹni tíwèé ẹ̀ ti pé lè sọ pé òun ń dúró de ẹlòmíì, ẹni tíwèé ẹ̀ ò tíì pé kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má lọ ni.

Bàbá Ìbejì

Àǹtí, tiyín ṣì dáa, ẹni tẹ́ ẹ rí lówó lọ́wọ́. Èyí tó wá bá àwa ò ní kọ́bọ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni kóòtù fún láṣẹ, òun ni wọ́n sì ń pè lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́ títí tó fi fọwọ́ síwèé. Kò pẹ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í rí oríṣiríṣi èèyàn tó ń wá wo ilé, eléyìí mú téèpù wá, tọ̀hún ń ya fọ́tò, tá a bá bi wọ́n pé ta ni yín wọ́n á ní àwọn wá wo ilé táwọn fẹ́ rà. Ẹ fẹ́ rà kẹ̀, lọ́wọ́ ta ni? Mo ní kí àǹtí fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn orúkọ ẹni tó fẹ́ rà wọ́n kọ "and/or assigns" síbẹ̀, kékeré báyìí, ohun tó sì fún un láṣẹ láti gbé àdéhùn náà tà fún ẹlòmíì nìyẹn kó jẹ èrè tiẹ̀ láàárín. Wholesaling ni wọ́n ń pe òwò yẹn. Kì í ṣe olè tí wọ́n bá là á yé yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ti àwa ni pé wọn ò là á yé àǹtí.

Wọn ò rí ẹni rà á lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kọjá, wọn ò wí nǹkan kan. Aládùúgbò kan tó ti ń wo ilé yẹn tipẹ́ ní òun á rà á, owó tiẹ̀ sàn jù, la bá ní kó bọ́ sí i, ìgbà tí lọ́yà ẹ̀ lọ yẹ ìwé ilé wò ló bá rí i pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ti lọ fi ìwé há ilé náà lọ́rùn níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé ilé sí, pé àwọn ní àdéhùn lórí ẹ̀. Lọ́yà wa kọ lẹ́tà títí kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó ní nígbà míì, kí ẹni tó fẹ́ rà fi ẹ̀rí owó hàn ká tó mú bírò, kí owó àsansílẹ̀ wà lọ́wọ́ lọ́yà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà, kí àdéhùn náà lọ́jọ́ tó máa kú fúnra ẹ̀, ká sì fi bírò fa ìlà sórí "assigns" yẹn kí gbogbo wa fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Títílọlá

Tiwa ò gùn. Alẹ́ tó ku ọ̀la ká fọwọ́ síwèé, ẹrù ti jáde tán nílé, àwọn oníkáṣì pè pé àwọn rí ògiri tó sán, owó ti wálẹ̀. Ògiri tí wọ́n ti rí láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá o! Bùrọ̀dá mi ní ó dáa, ẹ fi ilé sílẹ̀ fún wa, ó pa fóònù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ti padà sí iye àtijọ́.

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kéèyàn ní sùúrù, ta ló ń sanwó sùúrù? Èmi tà ní káṣì, ó kéré sí ohun tí ejẹ́ǹtì sọ, mo sì ń sùn dáadáa. Ilé tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀ ń jẹ owó. Gbèsè báǹkì tí bàbá fi ilé dúró fún ò bá bàbá kú, èlé ń gorí ẹ̀, iná àti omi ń bẹ níbẹ̀, koríko ń hù, ọlọ́pàá ti pè mí lẹ́ẹ̀kan pé àwọn ọmọ kan fọ́ fèrèsé. Ẹ lọ ka ìwé ínṣúráǹsì yín dáadáa pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ilé bá ti ṣófo fún 30 tàbí 60 ọjọ́ àwọn ò ní sanwó tí páìpù bá bẹ́ tàbí tí olè bá wọlé, àfi tẹ́ ẹ bá ti sọ fún wọn ṣáájú. Mo ṣírò gbogbo ìyẹn fún ọdún kan, mo yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ejẹ́ǹtì ní òun máa tà á, mo yọ owó ejẹ́ǹtì náà, mo yọ àtúnṣe. Ohun tó kù ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti oníkáṣì lọ. Ejẹ́ǹtì méjì ló bá mi dá owó lé e lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá oníkáṣì lóhùn, ohùn yín á yàtọ̀.

Àbúrò Lọ́yà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó orí kún un, torí òun ló máa ń lé àwọn èèyàn wọ ọwọ́ oníkáṣì. Ní England, 40% ni owó orí ogún lórí ohun tó bá lé ní £325,000, ó sì yẹ kó wọlé kí oṣù kẹfà lẹ́yìn oṣù téèyàn kú tó parí. Ẹbí kan tí mo mọ̀ ti ń sáré ta ilé torí ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé ìjọba ń gbà kéèyàn fi ọdún 10 san èyí tó wà lórí ilé díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èlé wà níbẹ̀ àti pé tí wọ́n bá ti ta ilé gbogbo ẹ̀ ló máa wọlé. Ìyẹn nìkan fún wọn láyè láti mí. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, iye tí ilé jẹ́ lọ́jọ́ tí olówó ẹ̀ kú ni wọ́n máa fi ṣírò èrè yín tẹ́ ẹ bá tà á, kì í ṣe iye tí bàbá yín rà á láyé àtijọ́, nítorí náà ẹni tó bá tètè tà kì í sábà rí èrè tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ díye lé ilé náà bó ṣe wà lọ́jọ́ ikú, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀.

Gbẹ̀yìn

Ti wa ni pé ẹ̀gbọ́n wa ń gbé inú ilé, kò sì fẹ́ jáde. Oníkáṣì wá yọ́ lọ bá àbúrò mi lẹ́yìn wa, ó ní ìpín tiẹ̀ nìkan lòun fẹ́ rà, kò kan àwa yòókù. Àbúrò ti ń yọ̀. Lọ́yà ló là á yé wa pé ẹni tó bá ra ìpín ẹnì kan lè gba kóòtù lọ, kó ní kí wọ́n ta gbogbo ilé ká pín owó, òun náà á sì wá rà á ní owó pọ́ọ́kú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹbí aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà débi pé wọ́n ṣe òfin àwòkọ́ṣe kan lórí ẹ̀ ní 2010, ìpínlẹ̀ tó bá gbà á wọlé, àwọn ajogún tó kù ló kọ́kọ́ máa láǹfààní láti ra ìpín ẹni tó ní kí wọ́n ta ilé, ní iye tí ẹni tó mọ iṣẹ́ dá lé e.

Ohun tá a ṣe nìyẹn, láì dé kóòtù. Wọ́n díye lé ilé, ẹ̀gbọ́n yáwó ní báǹkì, ó ra ìpín wa, àbúrò gba káṣì tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń san owó báǹkì lóṣooṣù, ó sì ń kùn sí wa pé a ta ilé bàbá fún òun.