Ẹ má jẹ́ ká pe QSignalSpy ní «amí àmì»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe QSignalSpy, ohun èlò tí Qt (àkójọ irinṣẹ́ C++ tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) fi ń ṣàrídájú signal (ìròyìn tí apá kan ètò ń sọ jáde pé nǹkan ṣẹlẹ̀) nínú ìdánwò ẹyọ (unit test), ní «amí àmì». Signal ni àmì. Spy ni amí, bíi ti àwọn tó lọ ṣe amí ilẹ̀ Kénáánì nínú Bíbélì. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àbá yìí.

Ti ohùn kò le: ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i, «ami ami» ni yóò kọ. Ìtumọ̀ ló jẹ mí lógún jù. Àmì máa ń wà níbi tí a fi í sí, bí èyí tó wà lórí lẹ́tà. Signal inú Qt kì í dúró. Bọ́tìnnì á sọ pé wọ́n ti tẹ òun, ó parí. Kò mọ ẹni tó ń gbọ́. Kódà bí a kò bá fi connect() so ẹnikẹ́ni mọ́ ọn, yóò ṣì sọ ọ́, kò sì ní sí àṣìṣe kankan. Ìfilọ̀ nìyẹn, bí èyí tí a ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹni tó ń kà á kì í ka iye etí tó ṣí sílẹ̀.

Amí ńkọ́? Ìkọ̀kọ̀ ni amí ń bá wọlé. QSignalSpy kò fara pa mọ́ rárá. Àwa fúnra wa la pè é:

QSignalSpy eleri(&botini, &QPushButton::clicked);

Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ìfilọ̀ tó bá jáde ni yóò kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé dání. count() á sọ iye ìgbà; takeFirst() á mú ti àkọ́kọ́ jáde. Bí a bá kọ QCOMPARE(eleri.count(), 1), èyí tó ń wò ó bóyá iye méjèèjì dọ́gba, ìbéèrè tí à ń bi í ni pé: ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣẹlẹ̀ lójú rẹ? Ẹlẹ́rìí ni, ẹ̀yin ará. Ẹlẹ́rìí ìfilọ̀.

Orúkọ yìí tún ń kọ́ni níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń dá QSignalSpy lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì tán, wọ́n rí 0, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì tí kò ṣẹ̀. Ta ló ń jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé? Ti wait() jọ bẹ́ẹ̀: ìfilọ̀ tuntun ló ń dúró dè, fún 5000 mìlísẹ́kọ́ńdù bí a kò bá sọ iye mìíràn. Bí ìfilọ̀ bá ti jáde ṣáájú rẹ̀ tí òmíràn kò sì wá, false ni yóò dá padà. Níbi tí ó bá ti lè tètè jáde, QTRY_COMPARE lórí count() ló yẹ, torí ó ń tún iye náà wò títí yóò fi bá a mu tàbí tí àkókò yóò fi tán.

Ẹnìkan ní «olùgbọ́» ńkọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n slot (iṣẹ́ tí a fi connect() so mọ́ signal) ló bá mu, torí slot ń gbọ́, ó sì ń ṣe nǹkan sí i. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni yóò wá sọ́kàn àwọn èèyàn. Ilé ẹjọ́ ń lo ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́ láìsí wàhálà.

Ó ku emit, ọ̀rọ̀ tí a ń kọ ṣáájú signal nígbà tí a bá fẹ́ kó jáde. Macro (ọ̀rọ̀ tí a ń fi nǹkan mìíràn rọ́pò) òfìfo ni nínú Qt, compiler, ohun tó ń sọ kóòdù di ètò, kò rí nǹkankan níbẹ̀. Ènìyàn tó ń ka kóòdù nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. «Fi lọ̀» ni mo fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.