Ṣíṣí kọ́, pípadé kọ́: èsì mi lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ iná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹ́rẹ́ fi ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ránṣẹ́, kí àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ oníná lè máa fi wọ́n sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Mo kó wọn lọ bá àwọn ọmọ wa ní Adó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn kan wọlé wẹ́rẹ́. "Wáyà ilẹ̀", ta ni yóò bá a jà? Àwọn ọmọ ti ń pè é bẹ́ẹ̀ kí á tó dé. Ṣùgbọ́n "ojú ṣíṣí" àti "ojú pípadé" tí ẹ fẹ́ kí á máa pe irin méjì inú bọ́tìnnì àti kọ̀ńtákítọ̀ (suwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀), ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè gbà wọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ya bọ́tìnnì tí a fi ń tan mọ́tọ̀ sójú pátákó (kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ o, ẹ̀rọ tí ń yí ọlọ ni). Mo kọ "ṣíṣí" sí i lára, mo wá bi ọmọkùnrin kan tó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ pé ṣé iná ń kọjá níbẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ṣebí ó ṣí sílẹ̀." Ó jàre mi. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi, omi á yọ. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, àlejò á wọlé. Bí a bá pa á dé, ìta ló máa dúró sí. Lẹ́nu wa, ohun tó ṣí ni nǹkan ń gbà kọjá. Òyìnbó ní tirẹ̀, irin méjì tí kò fara kanra ló ń pè ní ṣíṣí, iná kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá rárá. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, òdìkejì iṣẹ́ la fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

"Apàdé" àti "apínyà" ni àwa fẹnu kò sí. Irin méjì pàdé, iná kọjá. Wọ́n pínyà, iná dúró. Pàdé ni o, kì í ṣe padé. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, àwọn ọmọ yìí kì í sì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú wọn pè é kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹni tó bá ti ń pe ilé ní ulé kò ní ṣi pàdé gbọ́ sí padé.

Bí irin ṣe wà kí ìka tó kàn án, tí iná kò sì tíì dé kọ́ìlì (wáyà wíwé inú kọ̀ńtákítọ̀ tí ń fa irin), "àtilẹ̀wá" là ń pè é. Bọ́tìnnì pupa tí a fi ń pa ọlọ jẹ́ apàdé àtilẹ̀wá, ìka ló ń pín in níyà. Ẹ fojú inú wo ọlọ ìrẹsì kan ní Ìgbẹmọ. Bí wáyà bọ́tìnnì pupa bá já láìròtẹ́lẹ̀, ọlọ á dúró fúnra rẹ̀. Ká ní apínyà ni, wáyà á já, ọlọ á máa yí, ẹni tí bẹ́líìtì fa aṣọ rẹ̀ wọlé á kàn máa tẹ bọ́tìnnì lásán ni. Nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ńtákítọ̀ náà ń sọ ọ́: èyí tó bá parí sí 3 àti 4, bíi 13 àti 14, apínyà ni, èyí tó bá parí sí 1 àti 2, apàdé ni.

Ọ̀rọ̀ 13 àti 14 yìí náà lẹ pè ní "ojú ìdádúró". Ẹ̀gbọ́n! Bọ́tìnnì pupa ni ìdádúró. Iṣẹ́ èyí ni pé bí ìka bá kúrò lórí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí a fi ń tan mọ́tọ̀, kí iná má kúrò lára kọ́ìlì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà ní kíláàsì wa ló sọ ọ́ ní "agbapò", torí ìka kúrò, òun gba ipò rẹ̀. Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

"Wáyà ààyè" ńkọ́? Bí ọ̀kan bá jẹ́ ààyè, ọmọ á gbà pé òkú ni èkejì, á sì gbá a mú. Bí níútírà, ìyẹn èkejì yẹn, bá já lápá ibi tí iná ti ń wá, tí suwíìṣì gílóòbù ṣì wà ní títàn, òkú yẹn máa gbé e. "Wáyà àlọ" àti "wáyà àbọ̀" tẹ́ mi lọ́rùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà 50 ni iná ìjọba ń lọ tó ń bọ̀ láàrín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ má sì fi àwọ̀ sọ wọ́n lórúkọ. Láyé àtijọ́, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni àlọ, dúdú ni àbọ̀. Láti 2004 tí Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí tiwọn padà, búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú ni àlọ, búlúù wá di àbọ̀. Oríṣi méjèèjì ló wà lára ògiri níbí. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, dúdú ni aṣọ tó mu aró dáadáa, pupa sì gba búráùn mọ́ra. Ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé "fọwọ́ kan dúdú", èwo ni yóò fọwọ́ kàn?

"Àdògán" tí ẹ fún délítà, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a ń gbà so wáyà mọ́tọ̀, nìkan ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Kọ́ìlì mẹ́ta inú mọ́tọ̀ tó so kọ́ra yípo, ààrò mẹ́ta gan-an ni. A fi "ìràwọ̀" ṣìkejì rẹ̀: ní ìràwọ̀, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí 230 fólítì, ní àdògán, ó gba 400. Ìràwọ̀ la fi ń gbéra kí iná tí mọ́tọ̀ ń fà lè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ì bá fà ní àdògán.

Ó ku 95 àti 96 lára ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣọ́ mọ́tọ̀ kí iṣẹ́ má pọ̀ jù fún un, apàdé tí ń pínyà bí iṣẹ́ bá wọ mọ́tọ̀ lọ́rùn jù. Àwọn ọmọ ní "olófòófó", mo ní 97 àti 98 tí ń tan gílóòbù ìkìlọ̀ ni olófòófó. Ọjọ́bọ̀ la tún máa pàdé. Ẹni tó bá ní orúkọ fún un, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ìgbà náà.