Ìdáhùn: Ta ló gba ta là? (moksha, «ìgbàlà», «àjàbọ́»)

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó.

Mo ti ka àtòjọ ọ̀rọ̀ tí Alàgbà kó síwájú wa fún ìwé ẹ̀sìn àgbáyé tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ girama, abala ti ẹ̀sìn Híńdù. Alàgbà pe moksha, ìyẹn kí ẹ̀mí bọ́ kúrò nínú bíbí àti kíkú tí kì í tán, ní «ìgbàlà», wọ́n pe yuga, ìyẹn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú sáà gígùn mẹ́rin tí àwọn Híńdù pín ayé sí, ní «ìgbáyé», wọ́n sì túmọ̀ Kali Yuga, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn, sí «Ìgbáyé Ìyá Kálì». Ọ̀pọ̀ yín ti pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Lóòótọ́, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àgbà ló pọn ọmọ náà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìgbàlà, torí òun ló ń dùn mí jù. Gbàlà kì í dá rìn. Ó gbà mí là, ó gbà wá là: ọ̀rọ̀-ìṣe tí àbọ̀ ń la àárín rẹ̀ kọjá ni. Kí ẹ tó pè é tán, ẹni méjì ti dé, ẹni tó gbani àti ẹni tí wọ́n gbà. Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni àwọn onígbàgbọ́ ti sọ ọ́ di tiwọn, ó sì bá wọn mu, torí pé Olùgbàlà wà nínú ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá àwọn ọmọlẹ́yìn Shankara, ọ̀mọ̀ràn Híńdù ayé àtijọ́, àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ Advaita, ìyẹn «kì í ṣe méjì». Wọ́n ní atman, ẹ̀mí tó wà nínú ènìyàn, àti Brahman tó jẹ́ òtítọ́ ohun gbogbo, ọ̀kan náà ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò dè é rí, àìmọ̀ ló jẹ́ kó rò pé wọ́n de òun. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀, ó parí. Ta ló wá gba ta là níbẹ̀?

Mo mọ̀ pé Alàgbà máa fi àwọn ẹlẹ́sìn Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá Híńdù, dá mi lóhùn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Ní ilẹ̀ Tamil ní gúúsù Íńdíà, àwọn ọmọlẹ́yìn Ramanuja, olùkọ́ ẹ̀sìn Vishnu, pín sí ọ̀nà méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Apá kan ní bí ọmọ ọ̀bọ ṣe ń dì mọ́ ìyá rẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn dì mọ́ Ọlọ́run. Apá kejì ní rárá, ti ológbò ni: ìyá ló ń fẹnu gbé ọmọ, ọmọ ò ṣe nǹkan kan. Fún àwọn ti ológbò, mo gbà, ìgbàlà ò burú. Àmọ́ ìwé tí gbogbo Híńdù wà nínú rẹ̀ la fẹ́ kọ, kì í ṣe ti ológbò nìkan.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Sanskrit ni muc: kí nǹkan tú, kó bọ́. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Ìbàdàn ti gbé «àjàbọ́» wá, ó sì sún mọ́ ọn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Bọ́ yẹn tọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ orí jà ni mi ò fẹ́. Àjàbọ́ ni ti ẹran tó ta gìrì nínú pàkúté. Ẹ gbé ohùn yẹn sókè, kó di àjábọ́. Àwọn Híńdù fúnra wọn pe òdìkejì moksha ní bandha, ìdè. Ìdè kì í jà, ó máa ń já ni.

Mi ò ṣàdéédé hùmọ̀ èyí. Ìyá àgbàlagbà kan, ará Gujarat ní Íńdíà, ni aládùúgbò mi ní Leicester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ní ìdájí, ó máa ń ka ẹsẹ kan sí òrìṣà Shiva, ìlẹ̀kẹ̀ 108 lọ́wọ́ rẹ̀, ẹyọ kan fún kíkà kan. Láti inú Rigveda, ìwé orin mímọ́ wọn àtijọ́, ni ẹsẹ náà ti wá, ìwé keje, orin 59. Ohun tó ń tọrọ ni pé kí òun já bọ́ lọ́wọ́ ikú bí kùkúńbà ti í já bọ́ lára ìtàkùn, kí òun má sì já bọ́ lọ́wọ́ àìkú. Ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀, mukshiya, gbòǹgbò kan náà ni òun àti moksha. Ẹni tó bá ti gbin bàrà rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí kò bá tíì gbó, ẹ ó fà á títí gbogbo ìtàkùn á fi máa wọ́ tẹ̀lé e. Bó bá gbó, ọrùn rẹ̀ á gbẹ, ẹ fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti já. Kò sí jà níbẹ̀, kò sí gbà níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ̀wé láìfi àmì kankan sí i (a ó jẹ́ kí ìyẹn kọjá lónìí) ní ọkọ̀ òfúrufú ló máa ń já bọ́, pé ọmọ iléèwé á rò pé jàǹbá ni Híńdù ń wá kiri. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn ló ya wọ́n sọ́tọ̀, àbúrò. Ọkọ̀ já bọ́ láti òkè. Èyí tí mò ń sọ já bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ta ló gbọ́ «ó bọ́ lọ́wọ́ ikú» tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún?

Ó ku yuga. Ohùn òkè orí gbá nínú «ìgbáyé», ta ló bí i? Ìgbà, ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Ayé, ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa ní iléèwé olùkọ́ni, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ìka ọwọ́ ló fi máa ń lu tábìlì tẹ̀lé ohùn bí a bá ń kàwé. Bó bá kan ìgbáyé, ìka náà á dúró lófuurufú. Àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti tán. Ẹni tó bá yára kàwé á tún rò pé igbá kan ni wọ́n ń wí. Bí a bá sì tún un ṣe sí ìgbà ayé, a ti ń lo ìyẹn fún ọjọ́ ayé ẹnì kan: «nígbà ayé bàbá mi». Kali Yuga tó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọdún 432,000 ni. Bàbá ta ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi sànmánì sílẹ̀ fún wa. Ẹ ní ti Lárúbáwá ni. Àlùbọ́sà náà ti Lárúbáwá ni, ẹ ṣì ń fi se ọbẹ̀.

«Ìyá Kálì» gan-an ló le jù. Àwa tí à ń bínú sí ẹni tó bá pe ọkọ́ ní ọkọ̀! Kali ti Kali Yuga, fáwẹ̀lì rẹ̀ méjèèjì kúrú. Òrìṣà obìnrin náà, Kaalii ni, méjèèjì gùn. Wọn ò bára tan. Orúkọ ojú dáìsì nínú ayò ni orúkọ àwọn sànmánì yìí: Krita ni mẹ́rin, Treta mẹ́ta, Dvapara méjì, Kali oókan, èyí tí olùta kì í fẹ́ rí, bí ẹni tó ń wá mẹ́fà nínú lúdò tí oókan yọ sí i. Nínú Mahabharata, ìtàn ewì gígùn wọn, Kali yìí ló wọ inú ọba Nala lọ tó fi ta ayò títí ìjọba fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ ni, ẹlẹ́mìí burúkú ni, kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún ní dharma, ìyẹn ìwà títọ́, dà bí akọ màlúù. Ní sànmánì kìíní, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró, lẹ́yìn náà mẹ́ta, méjì, títí ó fi ku ẹyọ kan lásìkò tiwa yìí, èyí tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 3102 ṣáájú ìbí Jésù. Gígùn wọn náà ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ màlúù: ọdún 1,728,000, 1,296,000, 864,000, 432,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 4,320,000, ẹgbẹ̀rún irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo fún Brahma, òrìṣà tó dá ayé. Kí ló wá ṣe Sànmánì Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin, Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta, Ẹlẹ́sẹ̀-Méjì, Ẹlẹ́sẹ̀-Kan? Ọmọ ọdún méjìlá á rántí rẹ̀ nínú ìdánwò.

Lórí «àtúnwáyé» fún samsara, ìyẹn kíkú àti títún bíbí tí kì í dáwọ́ dúró, mi ò ní bá Alàgbà jà púpọ̀, àfi pé àwa ń fi Babátúndé jó, àwọn ń wá bí wọn ò ṣe ní tún dé mọ́. Gita, ìwé mímọ́ wọn, sọ ọ́ ní orí kejì pé bí ènìyàn ti ń bọ́ aṣọ tó gbó tó ń wọ tuntun ni ẹ̀mí ń pa ara dà. Ẹni tó bọ́ ọ tí kò wọ òmíràn mọ́ ni ẹni tó ní moksha. Bọ́ náà tún nìyẹn o, ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn.

Brahman tí Alàgbà pè ní Ọlọ́run, tí wọ́n tún pe Brahma ní Ọlọ́run nísàlẹ̀ ojú ewé kan náà, ẹjọ́ rẹ̀ gùn. Mo máa padà sí i tí Alàgbà bá ti dá mi lóhùn lórí ohùn òkè yẹn. Ẹni tó sì ní àwa ará Leicester ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá, kó kọ́kọ́ fi àmì sí orúkọ ara rẹ̀.