Ṣé agbẹjọ́rò ni gbogbo ẹni tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin?

Ẹ̀yin àgbà inú èdè, mo kí yín láti Òṣogbo. Ọ̀kan nínú wa ní kí a bá òun wá àkọlé Yorùbá fún àpilẹ̀kọ kan tó dá lórí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin lóde òní. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé kó kọ ọ́ báyìí: "Bí ìsọdọ̀kan àgbáyé ṣe ń yí ìgbanisíṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tuntun padà." Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "globalisation" ló pè ní ìsọdọ̀kan àgbáyé. Ìgbanisíṣẹ́ kò ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ méjì yòókù ni mi ò fara mọ́, "agbẹjọ́rò" ló sì ká mi lára jù.

Ẹni tó ń gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò níwájú adájọ́ ni agbẹjọ́rò. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ náà ló sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bárísítà ni wọ́n mọ̀ mọ ẹjọ́ rírò, sòlísítọ̀ ni wọ́n sì mọ̀ mọ ìwé àdéhùn kíkọ àti ìmọ̀ràn fún oníbàárà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan náà ló ń jẹ oyè méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdí nìyí tí a fi lè máa fi orúkọ apá kan pe odindi láìsí ẹni tó bi wá léèrè. Àwọn agbanisíṣẹ́ òkè òkun ti wá ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ padà, nítorí apá ti sòlísítọ̀ ni wọ́n ń wá.

Ẹ wo ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́yà kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán níbí. Láàárọ̀, ó gbé wíìgì sínú àpò, ó lọ gba ọjọ́ mìíràn fún ẹjọ́ ilẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kò ráyè bá lọ, owó ọkọ̀ sì ni ọ̀gá fún un (àwọn lọ́yà tó ń ka èyí á rẹ́rìn-ín). Lálẹ́, ó tan kọ̀ǹpútà, ó ń ka ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àwọ̀ sàmì sí ibi tó lè kó oníbàárà sí gbèsè, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san owó rẹ̀. Ẹjọ́ ta ni ó gbà rò nínú ti alẹ́ yẹn? Amòfin ni orúkọ tó bá a mu. Ẹnì kan lè sọ pé amòfin fẹ̀ jù, pé ó kan olùkọ́ òfin àti adájọ́ pẹ̀lú. Fífẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń wá.

Ní ti "ìsọdọ̀kan", ohun méjì tó bá ti dọ̀kan kò ní ìlẹ̀kùn láàárín mọ́, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn ṣì pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Christopher Sapara Williams, lọ́yà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, di bárísítà ní 1879, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbà á, ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e náà sì gba ibẹ̀ lọ, títí òfin 1962 fi fìdí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà múlẹ̀. Lónìí, ibí ni ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rìn lọ sókè òkun. Síbẹ̀ kò lè pe ara rẹ̀ ní sòlísítọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìṣe ìdánwò àwọn sòlísítọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SQE láti 2021. Òfin tiwa náà kò gbà kí lọ́yà àjèjì kàn wọ kóòtù. Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ló lè fún un láyè, fún ẹjọ́ kan pàtó. "Ìwọnúra" ni mo fi lélẹ̀, nítorí ohun méjì lè wọnú ara wọn láìdọ̀kan. "Ìlujára" ì bá dùn jù ú lọ, àmọ́ ayélujára ti gbà á lọ́wọ́ wa, íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn máa rò.

Nítorí náà, kí àkọlé náà kà báyìí: "Bí ìwọnúra àgbáyé ṣe ń yí ìgbanisíṣẹ́ àwọn amòfin tuntun padà." Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìwọnúra lọ, kó mú un wá, mo ṣe tán láti gbà á, lórí amòfin, mi ò ní yẹsẹ̀.