Ṣé fítámì D lè mú ṣúgà wálẹ̀?

Ìyá Ìbejì Manchester: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní ìtọ̀ ṣúgà type 2, oògùn metformin ni mò ń lò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò wọ́n ní fítámì D mi ti lọ sílẹ̀ gan-an, ọ̀rẹ́ mi wá ní tí n bá ti ń lò ó ṣúgà á wálẹ̀ fúnra ẹ̀, kí n já metformin jù sílẹ̀. Ṣóòótọ́ ni?

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì: Háà, ẹ má dán an wò mà! Lóòótọ́ fítámì D sábà máa ń kéré lára àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ ìyẹn ò ní kóun ló fà á, ara tó bá sanra náà máa ń jẹ́ kó kéré nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí D2d ní Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde ní 2019, èèyàn 2,423 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè àmọ́ tí ò tíì di àìsàn, wọ́n fún ìdajì ní fítámì D 4,000 IU (IU ni wọ́n fi ń wọn fítámì) lójúmọ́, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí nínú iye àwọn tó wá ní ìtọ̀ ṣúgà ò tó gbára lé.

Lékan_UK: Oòrùn ibí tó yẹ kó jẹ́ kára wa ṣe fítámì D gan-an ńkọ́? NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ibí, ní káwa aláwọ̀ dúdú ronú àtimáa lo 400 IU lójúmọ́ yípo ọdún. Torí egungun ni o, kì í ṣe torí ṣúgà.

Ìyá Ìbejì Manchester: Ẹ ṣé o. Ṣé n lè lo méjì méjì kó tètè gòkè?

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì: Iye tí dókítà bá kọ ni kẹ́ ẹ lò mà, tó bá pọ̀ jù calcium á ga lẹ́jẹ̀, kíndìnrín lá sì jìyà ẹ̀.